Bọ́ọ̀lù Irin Tí Wọ́n Fi Wọn Itan Mi

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí, láti Agége títí dé Ògbà: báwo ni Íńdíà ṣe rí? Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo dáhùn lẹ́ẹ̀kan, mo dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó, tí mo kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó kà á. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kó wá ẹni tó máa kà á fún un, bí èmi náà ṣe ń ṣe kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

N kò ní sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń gba físà tàbí bí wọ́n ṣe ń ra ìwé ọkọ̀ òfurufú. Àwọn tó fi ìyẹn ṣiṣẹ́ ṣe pọ̀ ní Ìkẹjà, ẹnu wọn sì dùn ju tèmi lọ.

Ọ̀pẹ̀bí

Irin ni mo ń gbẹ́. Ẹ̀rọ léètì ni mo ń lò, ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ògbà. Bí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, bá jẹ, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Orí ìdúró ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí n kò bá lè dúró, n kò níṣẹ́ mọ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Oríkèé ìbàdí mi apá ọ̀tún ló jẹ. Orí egungun itan rí róbótó, ó wọ inú kòtò kan lára ìbàdí, ibẹ̀ ló ti ń yí bíi bíárìn. Tèmi ti jẹ débi pé mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ náà ti kúrú, mo sì ń tiro. Wọ́n ní kò sí ọ̀nà mìíràn àfi kí wọ́n gé orí egungun náà kúrò, kí wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀, kí ìdí irin náà sì wọ inú egungun itan lọ bí ìrù ọ̀bẹ ṣe ń wọ inú èèkù. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi èèkù sí ọ̀bẹ rí mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ìrù bá tóbi jù, èèkù á là. Bó bá kéré jù, á máa mì. Egungun tó bá là kò ṣeé sọ nù kéèyàn lọ ra òmíràn.

Wọ́n ya fọ́tò egungun mi ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀pẹ̀bí. Dókítà ibẹ̀ gbé fọ́tò náà sójú iná, ó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n, rúlà tí ọmọ iléèwé ń lò.

Mo ní, "Dókítà, òjìji lẹ ń wọ̀n yẹn."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bàbá, mélòó lẹ̀yin ti ṣe rí?"

"N kò ṣe ìkankan."

"Ó dáa. A máa gbé oríṣi ìwọ̀n mẹ́rin márùn-ún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ la máa fi sí i."

Mo dúpẹ́, mo gbé fọ́tò mi, mo jáde. Ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá gbé òrùka irin búṣì márùn-ún wá kó tó mọ èyí tó máa wọ ṣáàfù, iṣẹ́ kò tíì yé e. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n kò ní fi itan mi fún ẹnikẹ́ni lórílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo Agége sì tì mí lẹ́yìn. Ní Agége, ẹni tí kò dé ibi kan rí ló ń yin ibẹ̀ jù.

Wọ́n sọ mí di ẹrù

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló tẹ̀ lé mi. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Àǹtí Sàlámá kò torí ìyẹn yọwọ́ lọ́rọ̀ mi. Computer Village ló ti ń ta àpò fóònù, ẹnu rẹ̀ sì ni ọjà rẹ̀. Ohun tí mo bá fi odidi ọ̀sẹ̀ sọ, ó lè sọ ọ́ kí ó tó wọ bàtà.

Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Orí mi ni wọ́n ń gbà bá Àǹtí sọ̀rọ̀.

"Màdámù, ṣé wọ́n lè rìn?"

"Màdámù, ṣé wọ́n ti jẹun?"

Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí mi kò dí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó ti di odi lójú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ibi tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń tì mí níbẹ̀ bi Àǹtí pé ṣé n kì í sọ̀rọ̀ ni.

Àǹtí ní, "Kì í sọ̀rọ̀ lórí ìdúró náà. Má wulẹ̀ fi ti kẹ̀kẹ́ ṣe."

Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan jókòó tì wá nínú ọkọ̀ kejì. Orúnkún ló ń lọ ṣe. Ó fi wákàtí mẹ́ta ṣàlàyé fún mi pé ní Íńdíà, dókítà kì í ronú mọ́, kọ̀m̀pútà ló ń wọn gbogbo ẹ̀ láìfi ìwọ̀n irun kan ṣì í. Mo bi í pé ta ló ń sọ fún kọ̀m̀pútà ibi tí egungun wà. Ó ní èmi náà ń fẹ́ mọ nǹkan jù. Ó sùn lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì dúpẹ́.

Ìlú wọn

Chennai ni orúkọ ìlú náà, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, ooru sì gbá mi lójú. Mo rin ìrìn-àjò ọjọ́ kan gbáko láti lọ bá ooru tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Fèrè ọkọ̀ ń dún, eruku ń sọ, ìdọ̀tí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Màlúù kan dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ sì ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ọba. Bó bá jẹ́ Agége ni, wọ́n á ti pín in kó tó di ọ̀sán.

Àǹtí wo ìta títí. "Bàbá Wàsíù, òkè òkun tí wọ́n ń sọ náà nìyí?"

"Òun nìyí."

"Áà. A ti ń gbé òkè òkun láti ọjọ́ yìí, a ò mọ̀."

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò níwà búburú, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wo ènìyàn. Wọn kì í jí i wò, wọ́n á dúró, wọ́n á kawọ́, wọ́n á máa wo ọ́ bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ọkùnrin kan ní kí a jẹ́ kí ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun bá wa ya fọ́tò. Àǹtí tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì dúró láàárín wọn bí ìyá ìyàwó. Èmi kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Bí o bá bi wọ́n ní ohun kan, wọ́n á mi orí sọ́tùn-ún sósì bí igbá tí kò jókòó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ́. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé "mo gbọ́" ni wọ́n ń sọ, wọn kò tíì gbà, wọn kò sì tíì kọ̀. Mo ti rí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ògbà, ṣùgbọ́n òun kì í mi orí.

Ilé ìwòsàn náà ga, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Láàárín gbọ̀ngán rẹ̀, wọ́n ṣe omi kan tó ń tú sókè tó sì ń padà sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Aláìsàn kankan kò mu nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n yà sínú gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń pe ènìyàn wá. Kò sí ẹni tó ya yàrá fọ́tò egungun sínú ìwé.

Oúnjẹ

Ohun tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ rí bí àkàrà, ṣùgbọ́n ó funfun, kò rí epo rí, kò rí iyọ̀ rí. Ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì sè ní ooru omi ni. Ó dà bí ẹni ń jẹ tìmùtìmù. Wọ́n ní kí a fi bọ omi ọbẹ̀ kan tó kan. Àǹtí tọ́ ọ wò, ó gbé e padà sínú àwo wẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó dá ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri dúró. "Ẹran dà?"

Ọkùnrin náà ní ilé ìdáná ọsibítù àwọn kì í se ẹran.

"Ẹ ò se ẹran? Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ẹran ara ènìyàn lókè, ẹ ò lè gé ti ewúrẹ́ nísàlẹ̀?"

Ọkùnrin náà mi orí sọ́tùn-ún sósì.

Ata gígún tí Àǹtí dì sáàárín aṣọ rẹ̀ ni a fi gbé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kọfí wọn nìkan ló dára. Wọ́n ń dà á láti inú ife kan sínú òmíràn lókè téńté títí yóò fi hó. Mo mu ú. N kò sọ fún wọn pé ó dára.

Yàrá fọ́tò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Bí ẹ bá tan àtùpà, kí ẹ na ọwọ́ sáàárín àtùpà àti ògiri. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ ògiri, òjìji rẹ̀ kò ní tóbi jù ú lọ púpọ̀. Bó bá sún mọ́ àtùpà, òjìji á di ti òmìrán. Fọ́tò egungun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtùpà ẹ̀rọ wà lókè, ohun tó ń gba òjìji wà lábẹ́ ibùsùn, egungun rẹ wà láàárín. Nítorí náà egungun inú fọ́tò tóbi ju egungun inú itan lọ. Dókítà tó bá fẹ́ mú ìwọ̀n irin gbọ́dọ̀ mọ iye tó fi tóbi jù ú lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi bọ́ọ̀lù irin kan tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ìpele kan náà pẹ̀lú egungun, wọ́n á sì ya àwọn méjèèjì pọ̀. Bí òjìji bọ́ọ̀lù bá ṣe lé sí ni ti egungun náà ṣe lé sí.

Nígbà tí obìnrin tó ń ya fọ́tò gbé bọ́ọ̀lù náà jáde, inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìkẹjà. Ó ń dán, kò ní àpá kankan lára. Mo yọ kálípà tí mo fi ń wọn irin nínú àpò, mo wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Mílímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n géérégé.

Làlítà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Kò ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ọ́ńkù, ṣé ó pé?"

"Ó pé."

Àǹtí ti ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù! Ẹni tó ti lọ́mọọmọ!"

Mo dùbúlẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fún mi kò ní ẹ̀yìn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní iwájú. Làlítà mú bọ́ọ̀lù náà dání lórí ọ̀pá kékeré kan tó ṣeé tẹ̀.

Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la itan yín. Àárín itan méjèèjì ló máa wà, lókè pátápátá."

Mo pa itan mi pọ̀. "Rárá."

"Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìpele egungun, Ọ́ńkù. Ibẹ̀ ni ìpele rẹ̀."

"Gbé e sórí ibùsùn."

"Tó bá wà lórí ibùsùn, ó máa wà nísàlẹ̀ jù."

"Mo ní kó o gbé e sórí ibùsùn."

Láti ọdún mẹ́fà, obìnrin kankan kò sún mọ́ ibẹ̀. Kí ọdún mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀, ẹyọ obìnrin kan ṣoṣo ni. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni nílé sọ ìyẹn rí, kí n tó wá sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ilẹ̀ àjèjì. Làlítà wo ojú mi, ó gbé bọ́ọ̀lù náà sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi, ó lọ sẹ́yìn gíláàsì, ó sì ya fọ́tò. Àǹtí kò sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà mí lẹ́rù.

Ohun tí mo rí

Lọ́jọ́ kejì, dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà pè wá. Àgbàlagbà ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sọ ju ohun tó yẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Fọ́tò mi wà lójú kọ̀m̀pútà rẹ̀. Ó fi àwòrán irin lé egungun mi lórí, ó ń yí i, ó ń sún un.

Ó ní, "Ìwọ̀n kẹtàlá. Egungun yín tóbi ju bí mo ṣe rò lọ."

Mo sún mọ́ ọ. Mo wo òjìji bọ́ọ̀lù náà, ó kéré. Bóyá ìtìjú àná ti fò kúrò lórí mi, bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀, n kò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú mi dùn. Mo ti rí àṣìṣe nínú ilé gíga yẹn, èmi tí mo fi ọjọ́ orí kàwé.

Mo ní, "Dókítà, bọ́ọ̀lù yìí wà nílẹ̀, egungun wà lókè. Ẹ fi òjìji ohun tó wà nílẹ̀ wọn ohun tó wà lókè. Kọ̀m̀pútà yín rò pé òjìji kò fi bẹ́ẹ̀ lé. Egungun mi kò tóbi. Irin yín ló máa tóbi. Bí ẹ bá kàn án wọlé, itan mi á là."

N kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti so mí pọ̀ mọ́ ìyàwó mi.

Dókítà wo fọ́tò náà, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mo ń gbẹ́ irin."

Ó gbé fóònù, ó sì pe Làlítà. Nígbà tí obìnrin náà wọlé, dókítà kò pariwo. Ó kàn fi ìka kan fọ́tò náà.

"Ta ló gbé bọ́ọ̀lù síbí?"

Làlítà wo ilẹ̀. "Èmi ni, sà."

"Ọdún mélòó lo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Láti òní lọ, má ya fọ́tò oríkèé fún mi mọ́ títí tí mo fi máa sọ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò wò mí. Kò sọ pé, "Ọ́ńkù yìí ló kọ̀." Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ níwájú. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí aago, mo rí i pé ahọ́n mi ti padà sí ipò rẹ̀. Mo dákẹ́. Ó jáde.

Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn òun. Mo gba ìyìn náà.

Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí dá kẹ̀kẹ́ mi dúró. Ó yí i padà kí n lè wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Wàsíù, etí mi ló gbọ́ ọ lánàá. Ọmọ yẹn sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì."

Mo dákẹ́.

"Ẹ tijú itan, ẹ ò tijú irọ́."

"N kò purọ́. N kò sọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin kì í kúkú sọ nǹkan kan. Irọ́ tiyín nìyẹn." Ó tún kẹ̀kẹ́ yí padà, ó sì ń tì mí lọ. Títí di alẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí Àǹtí Sàlámá dákẹ́. Nọ́ọ̀sì wá bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ẹnu ọ̀nà dókítà

Mo ti sọ ohun púpọ̀ nípa àwọn ará Íńdíà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ará Agége.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo fi ọ̀pá méjì rìn dé ẹnu ọ̀nà dókítà náà. Ọ̀nà náà jìn. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, n kò dúró kó kí mi.

"Kì í ṣe Làlítà. Ó fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù náà síbi tó yẹ. Èmi ni mo kọ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo tijú."

"Ó sọ fún yín pé ìpele egungun ló yẹ kó wà?"

"Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ sì wá kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkè."

Ọ̀pá ń gún mi lábíyá.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Bí mo bá lo fọ́tò yẹn, bóyá ọwọ́ mi á sọ fún mi pé irin náà tóbi. Bóyá egungun yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún mi. Fọ́tò kì í ṣe òpin. Mo máa ń kó gbogbo ìwọ̀n wọlé. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré, mo ń gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì ń tẹ́tí sí i. Tó bá ti mú, ohùn rẹ̀ á yí padà. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró."

Ó máa ń kó gbogbo ìwọ̀n wọlé! Mo ti sọdá òkun kí n lè sá fún ọkùnrin Ọ̀pẹ̀bí tó sọ ohun kan náà fún mi. Rúlà rẹ̀ kò dára, n kò ní gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí rẹ̀ fojú tín-ín-rín wò ó gan-an ni ọ̀gá ń ṣe níbi tí mo sá lọ. Ọ̀rọ̀ ohùn tó yí padà sì yé mi ju bó ṣe lè yé ẹnikẹ́ni lọ. Bíárìn tó bá ti jókòó dáadáa, òun náà máa ń yí ohùn padà lábẹ́ òòlù. Láti ọjọ́ yìí, etí ni mo fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ mi.

Ó pe Làlítà lójú mi. Èdè wọn ni wọ́n sọ, n kò gbọ́ ọ. Obìnrin náà dáhùn ní kúkúrú, ó sì yíjú sí mi.

"Ọ́ńkù, ṣé kí a lọ?"

Nínú yàrá fọ́tò, kí n tó dùbúlẹ̀, mo ní, "Má bínú."

"Kò sí nǹkan."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún un?"

Ó ń nu bọ́ọ̀lù náà. "Bàbá mi náà kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan òun. Tí mo bá sọ ọ́ níwájú dókítà àti àǹtí yín, ìtìjú yín á di méjì."

Mo dùbúlẹ̀. Mo di ojú mi. Mo la itan mi.

Ó fi ọwọ́ kan egungun ìbàdí mi láti wá ìpele rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù náà sókè sí i, ó tẹ ọ̀pá rẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀. Irin náà tutù. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń ka fátíhà. Mo mọ̀, nítorí mo ń kà á.

Àǹtí pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Ó ti parí? Èmi rò pé ẹ̀ ń rọbí ni!"

Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Ìwọ̀n kọkànlá ló jáde. Ìwọ̀n méjì gbáko ni ìtìjú mi fi lé.

Lẹ́yìn rẹ̀

Iṣẹ́ abẹ náà kò ní ìtàn, nítorí n kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo jí, dókítà wá. Ó ní ìwọ̀n kọkànlá ni ohùn ti yí padà. Ó ní egungun kò sán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé mi dìde. Ó dùn mí débi pé mo bú ẹ̀rọ, mo bú Chennai, mo bú àkàrà funfun wọn, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, àwọn nọ́ọ̀sì sì rò pé mo ń gbàdúrà.

Kí a tó kúrò, dókítà ní kí n dúró láìdi nǹkan kan mú. Ó fi téèpù wọ̀n mí láti egungun ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì. Ó tún un wọ̀n. Ó ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n dọ́gba tán, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí i. Mo gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. Kò bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

N kò rí Làlítà mọ́. Wọ́n ní ó wà nínú yàrá, ó ń ya fọ́tò ìbàdí ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n kí i. N kò mọ̀ bóyá wọ́n kí i, wọ́n kàn mi orí ni.

Oṣù kẹrin rèé. Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ ní Ògbà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń dúró láti àárọ̀ di àkókò ìrun ọ̀sán, mo ń jókòó díẹ̀, mo tún ń dúró. Àwọn ará wọ́kìṣọ́ọ̀bù fẹ́ wo ojú ọgbẹ́. Mo kọ̀ fún wọn.

Ráfíù, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti ń tiro láti ọdún tó kọjá. Òun náà ti ń múra àtilọ. Ní àná, ó wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń gbẹ́ ṣáàfù.

"Bàbá Wàsíù, kí ni mo máa mú dání?"

"Ata."

"Ata nìkan?"

Mo pa ẹ̀rọ. "Tí obìnrin kan bá gbé bọ́ọ̀lù irin dání, tó ní kó o la itan rẹ, là á."

Ráfíù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ mi mú. Ó pe àwọn yòókù kí wọ́n wá gbọ́. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. A ti jọ wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, kò sì gbọ́ àwàdà lẹ́nu mi rí.